Afárá Ọ̀pọ̀lọ́ àti Àmùrè Bàbá Sẹ́nétọ̀

Òdìgbò,
Ọjọ́ kọkànlá, oṣù kọkànlá, ọdún 2024.

Fìyìnfólúwa ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé òtútù ibẹ̀ kò tíì gé ọ létí? Àwa náà wà. Ìyá rẹ ń kí ọ. Orúnkún tó ń dùn ún ti fúyẹ́ látìgbà tí ìròyìn rẹ ti dé, bẹ́ẹ̀ kò lo oògùn kankan.

O mọ̀ pé etí mi kì í gbọ́ fóònù dáadáa mọ́. Bí mo bá ń pariwo sí i, gbogbo àdúgbò ní ń bá mi dá sí ọ̀rọ̀ náà. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ̀wé. Gàzálì tó ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà ní gáréèjì Ọ̀rẹ̀ ni yóò ya lẹ́tà yìí ní fọ́tò, yóò fi ránṣẹ́ sí fóònù rẹ. Bí o bá fèsì, yóò tẹ̀ ẹ́ jáde fún mi. Ọmọlúàbí ni, kì í ka lẹ́tà ẹni.

Ọmọ mi, o wọlé ìbò! Sẹ́nétọ̀! Ọmọ tó máa ń sùn lọ fọnfọn nígbà ìwàásù! Gàzálì ti tẹ pátákó ńlá kan, ó ti gbé e kọ́ sí Ọ̀rẹ̀ níbi tí àwọn ọkọ̀ tó ń lọ sí Bẹ́nì ti ń yà. Fọ́tò tí o yà níbi ìgbéyàwó Adéọlá ló lò, nítorí òun nìkan ni gèlè wà nínú rẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: "A kí Sẹ́nétọ̀ wa. Amẹ́ríkà, ẹ kú oríire."

Kò sẹ́ni tó ń pè mí ní Tíṣà mọ́. Ọdún márùndínlógójì tí mo fi kọ́ wọn ní ìwé ti wọlẹ̀, Bàbá Sẹ́nétọ̀ ni mò ń jẹ́ báyìí. N ò sì bínú sí i.

Ìbéèrè díẹ̀. Ọlọ́pàá mélòó ni wọ́n fún ọ? Ọkọ̀ tó ń fọn fèrè, ṣé iwájú rẹ ló ń wà ni àbí ẹ̀yìn? Tètè fèsì, nítorí àwọn èèyàn ń bi mí, mo sì ti sọ pé ọlọ́pàá mẹ́fà ni.

Èmi ni bàbá rẹ,
J. Fádáre.


Ashgrove, Amẹ́ríkà,
Ogúnjọ́, oṣù kọkànlá, ọdún 2024.

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Mo kúnlẹ̀ kí yín o. Ẹ kú àdúrà, ẹ kú ààwẹ̀. Ẹ bá mi kí Màámi àti orúnkún wọn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó kí ẹ tó ka èyí tó kù. Bàbá mi, kì í ṣe ilé aṣòfin àgbà ti gbogbo Amẹ́ríkà ni mo wọ̀. Ti ìpínlẹ̀ kékeré tí mò ń gbé yìí ni. Ọgbọ̀n èèyàn péré ni wá. Oṣù mẹ́rin la fi ń jókòó lọ́dún, lẹ́yìn náà kálukú á padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀. Ẹni tí yóò jókòó tì mí, olówò wàrà ni, wọ́n ní ó máa ń sá jáde láàárín ìpàdé nítorí àwọn màlúù rẹ̀. Èmi náà ṣì ń lọ tọ́jú àwọn arúgbó lọ́jọ́ Ẹtì àti Àbámẹ́ta bí mo ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá: ẹyọ kan ṣoṣo ló ti tẹ̀ lé mi látìgbà tí mo ti wọlé. Ó fẹ́ sọ fún mi pé iná ẹ̀yìn ọkọ̀ mi kò tàn ni. Kò sí fèrè kankan. Ẹsẹ̀ ni mo fi wá ìbò, láti ilé dé ilé. Bàtà méjì ló gbó, ajá mẹ́rin ló lé mi.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní kí wọ́n sọ pátákó yẹn kalẹ̀. Gàzálì, bí o bá ń ka èyí, mo kí ọ. Jọ̀ọ́, fi mọ sí inú ara rẹ.

Ọmọ yín,
Fìyìn.


Òdìgbò,
Ọjọ́ kejì, oṣù kejìlá, ọdún 2024.

Fìyìnfólúwa ọmọ mi,

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà. Gàzálì ní òun kò kà á o, ó sì ní kí n kí ọ padà.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kà á kí n tó rí ọgbọ́n tó wà nínú rẹ̀. O gbọ́n, ọmọ mi! Ayé le, o sì ń fi ara pamọ́ fún un. Sẹ́nétọ̀ tó ń tọ́jú arúgbó, tí iná ẹ̀yìn ọkọ̀ rẹ̀ kò tàn! Ta ni yóò jowú irú ẹni bẹ́ẹ̀? Ìyá rẹ ní òótọ́ lo ń sọ, pé bó ṣe rí gan-an nìyẹn. Mo ní kó lọ sinmi.

Ọ̀rọ̀ kan wà o. Lọ́jọ́ ìdúpẹ́ Ìkórè, Wòlíì Ọlásúnkànmí pè mí síwájú pẹpẹ, èmi nìkan. O mọ odò tó wà lọ́nà Ararọ̀mí-Obù, níbi tí oko kòkó wa wà. Igi tí wọ́n fi dábùú rẹ̀ ti jẹrà, mẹ́ta péré ló kù. Ọlọ́kadà á sọ èrò kalẹ̀, á máa ti ọ̀kadà lórí igi bí ẹni ń da ewúrẹ́ aláìgbọràn. Ó dára. Inú mi dùn lọ́jọ́ náà, sùtánà mi funfun gbòò, kọ́áyà ń kọrin, ni ẹnu mi bá là. Mo jẹ́ ẹ̀jẹ́ pé kí Ìkórè tó ń bọ̀ tó pé, ọmọ mi Sẹ́nétọ̀ yóò kọ́ afárá sí odò yẹn. Halelúyà tí wọ́n pa, àdán fò jáde láti inú àjà!

O mọ òfin ìjọ wa. Àgbà tó bá jẹ́ ẹ̀jẹ́ níwájú pẹpẹ tí kò sì san án, wọn yóò tú àmùrè ìdí rẹ̀ lójú gbogbo ìjọ, wọn yóò sì ní kó padà sí àga ẹ̀yìn. Ọdún méjìlélógún ni mo ti ń sán àmùrè búlúù yẹn. Nítorí náà, mo bẹ̀ ọ́, afárá kan péré. Kékeré ni. Amẹ́ríkà kò ní mọ̀.

Èmi ni,
Bàbá Sẹ́nétọ̀.


Ashgrove,
Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù kẹrin, ọdún 2025.

Bàbá mi,

Mo kí yín o. Ẹ má bínú pé mi ò tètè fèsì. Inú ló bí mi. Mo ní kí n jẹ́ kó rọlẹ̀ kí n tó kọ̀wé, ó sì pẹ́ kó tó rọlẹ̀. Bàbá mi, ta ló rán yín níṣẹ́? Èjìká mi lẹ fi ru ẹ̀jẹ́, ẹ ò sì bi èjìká náà léèrè! Òfin wa kò kọjá ààlà ìpínlẹ̀ wa. Bí mo bá fi owó àwọn ará ibí kọ́ afárá sí Òdìgbò, inú ẹ̀wọ̀n ni ẹ ó máa kọ lẹ́tà ránṣẹ́ sí mi.

Ẹ jẹ́ kí n fún yín ní ìròyìn ayọ̀, bóyá inú yín á dùn díẹ̀. Òfin àkọ́kọ́ tí mo gbé kalẹ̀ ti yege! Níbí, bí yìnyín bá ti yọ́ tán, àwọn ọ̀pọ̀lọ́ máa ń jáde láti inú igbó lọ yé ẹyin sínú adágún omi. Títì ló wà láàárín, ọkọ̀ sì ń tẹ̀ wọ́n pa lọ rẹrẹ. Òfin mi ní kí a ṣe afárá fún wọn: kí ọkọ̀ gba orí, kí ọ̀pọ̀lọ́ gba abẹ́. A ti ṣe é tán. Kó tó parí, kórobá ni èmi àti àwọn aládùúgbò mi fi ń gbé wọn kọjá. Èmi nìkan gbé igba ó lé mẹ́tàdínlógún. Oníròyìn ya mí ní fọ́tò, èmi àti kórobá mi. Òun ni mo fi ránṣẹ́ yìí. Mi ò tíì ṣe ohun tó dùn mọ́ mi nínú báyìí rí látìgbà tí mo ti dé ìlú yìí.

Ọmọ yín,
Fìyìn.


Òdìgbò,
Ọjọ́ kẹta, oṣù karùn-ún, ọdún 2025.

Fìyìnfólúwa,

Ọ̀pọ̀lọ́!

N ò kí ọ. Màá kí ọ tí mo bá sọ̀rọ̀ tán. Ọ̀pọ̀lọ́, Fìyìnfólúwa! Gàzálì fẹ fọ́tò náà kó tó tẹ̀ ẹ́, ó ní ó yẹ kéèyàn rí ojú ọ̀pọ̀lọ́ iwájú yẹn dáadáa. Ó wá lẹ ọ̀kan mọ́ ara ìlẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Gbogbo ẹni tó bá wọkọ̀ ní Ọ̀rẹ̀ ló ń rí Sẹ́nétọ̀ wa pẹ̀lú kórobá. Àwọn àgbà ní ọ̀pọ̀lọ́ kì í sáré ọ̀sán lásán. Èmi ò mọ̀ pé ọmọ mi ni yóò máa gbé e sáré!

Ìròyìn náà dé Ararọ̀mí-Obù kí n tó ka lẹ́tà tèmi tán. Baálẹ̀ wọn, Ògúndípẹ̀, gun ọ̀kadà wá pẹ̀lú àgbà mẹ́rin. Wọ́n jókòó sí pálọ̀ mi. Ó ní, "Tíṣà." Kò pè mí ní Bàbá Sẹ́nétọ̀ mọ́. Ó ní, "Ìbéèrè kan ṣoṣo la bá wá. Àwọn ọ̀pọ̀lọ́ ibẹ̀ yẹn, ṣé wọ́n máa ń dìbò ni?"

Mo ní rárá o, wọn kì í dìbò.

Ó ní, "Àwa máa ń dìbò." Ló bá dìde. Kò mu omi tí ìyá rẹ gbé fún un.

Ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn. O gbọ́ Yorùbá, n ò ní túmọ̀ rẹ̀ fún ọ. Ìkórè ku oṣù méje.

Ìyá rẹ ní kí n fi ọ̀rọ̀ tirẹ̀ kún un, mo sì kọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò bójú mu: "Fìyìn, má dá a lóhùn. Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú. Ṣáà máa rọra gbé wọn, kí wọ́n má tọ̀ sí ọ lọ́wọ́."

J. Fádáre.


Òdìgbò,
Ogúnjọ́, oṣù keje, ọdún 2025.

Fìyìnfólúwa ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ó ti ju oṣù méjì lọ, o ò dá mi lóhùn. Ìyá rẹ ní o ń bá òun sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ṣùgbọ́n pé èmi ni o ò fẹ́ kọ̀wé sí. Ó dára bẹ́ẹ̀.

Òjò ti gbé igi kan lọ nínú mẹ́ta. Àwọn ọmọ tó ń ti òdìkejì odò wá sí ilé ìwé ti ń jókòó sílé. Lọ́jọ́ Àìkú, Wòlíì wo àmùrè mi, ó wo ojú mi. N ò ní purọ́ fún ọ, ẹ̀rù ń bà mí. Kì í ṣe ti aṣọ búlúù yẹn nìkan. Ìdajì ìlú yìí, èmi ni mo kọ́ wọn ní a, b, d. N kò fẹ́ kí wọ́n máa pè mí ní òpùrọ́ lọ́jọ́ ogbó mi.

Bàbá rẹ.


Ashgrove,
Ọjọ́ kẹwàá, oṣù kẹjọ, ọdún 2025.

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Mo kúnlẹ̀. Lẹ́tà yín pa mí lẹ́kún. Kò sẹ́ni tó máa pè yín ní òpùrọ́ nígbà tí mo bá ṣì wà láyé. Mò ń bọ̀ wálé. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kejìdínlógún oṣù kẹwàá, màá wà ní Ọ̀rẹ̀ lọ́sàn-án. Èmi nìkan, pẹ̀lú àpò kan.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí afárá ọ̀pọ̀lọ́ ṣe ṣe é ṣe, nítorí mi ò sọ ọ́ tán lọ́jọ́sí. Òfin kì í gbẹ́lẹ̀. Nígbà tí òfin jáde tán, mo mú ìwé kan, mo ń lọ láti ilé dé ilé, mo ń bi wọ́n pé, "Kí lẹ ní?" Ẹnìkan ní ṣọ́bìrì. Ẹnìkan ní katakata. Ìyá arúgbó kan ní òun ò ní nǹkan kan àfi ẹnu, ó sì fi ẹnu náà lé wa níṣẹ́ títí a fi parí. Ẹ bá mi ṣe irú ẹ̀ ní Ararọ̀mí-Obù. Ẹ lọ bá Baálẹ̀, ẹ tọrọ àforíjì, ẹ kọ orúkọ ẹni tó ní igi, ẹni tó ní ìṣó, ẹni tó ní apá. Ẹ fi ìwé yẹn dúró dè mí.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe pátákó. Ẹ má ṣe fèrè. Mo mọ̀ yín.

Ọmọ yín,
Fìyìn.


Òdìgbò,
Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, oṣù kẹjọ, ọdún 2025.

Ọmọ mi àtàtà,

Sẹ́nétọ̀ ń bọ̀ wálé! Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí ojú tì wá!

Má ṣe ìyọnu, mo ti ṣètò gbogbo ẹ̀. Ọkọ̀ mẹ́sàn-án ni yóò tò tẹ̀ lé ọ. Ti Wòlíì ni yóò ṣáájú. Oríyọmí, ọmọ tí mo kọ́ ní kíláàsì kẹrin, tó ti ní sọ́míìlì ní Ọ̀rẹ̀ báyìí, ní òun á mú tírélà tí òun fi ń kó gẹdú wá, òun á sì fọ̀ ọ́. Àwọn afunfèrè ìjọ wa ń dánra wò lójoojúmọ́, ìyá rẹ sì ti ń fi òwú dí etí. Gàzálì ti tẹ bánà tuntun. Mo ní kó má fi ọ̀pọ̀lọ́ sí i. Èmi fúnra mi ni yóò dúró sójú títì, tí màá máa dá ọkọ̀ dúró kí ọ̀nà lè là fún ọ.

Ọ̀rọ̀ ìwé tí o ní kí n máa kọ kiri, n ò tíì ráyè. Baálẹ̀ kò tíì máa kí mi, n ò sì ní lọ bẹ ẹni tí kò mu omi mi. Bó bá rí ọkọ̀ mẹ́sàn-án, yóò kí mi. Jọ̀ọ́, wé gèlè.

Bàbá Sẹ́nétọ̀.


Etí odò, Ararọ̀mí-Obù,
Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù kẹwàá, ọdún 2025. Aago mẹ́ta ọ̀sán.

Bàbá mi,

Ẹ kú ìdúró. Ayọ̀ọlá, ọlọ́kadà tó gbé mi, ni mo fi lẹ́tà yìí rán sí yín ní Ọ̀rẹ̀.

Mo ti dé o. Kódà, mo rí yín. Mo bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ èrò, mo gun ọ̀kadà, a sì bá yín lójú títì nínú agbádá funfun. Mo ní, "Ẹ kú ọ̀sán, Bàbá mi." Fèrè ń dún, ẹ ò gbọ́. Ẹ fi agbòjò yín na táyà ọ̀kadà wa, ẹ ní, "Ẹ kúrò lọ́nà, ẹ̀yin ọlọ́kadà wọ̀nyí! Sẹ́nétọ̀ ń bọ̀!" A bá kúrò lọ́nà.

Mo yà sílé. Màámi kò tiẹ̀ bá yín lọ, wọ́n ní àwọn mọ̀ pé bó ṣe máa rí nìyẹn, wọ́n sì ti ṣe pupurú dè mí. Nígbà tí mo jẹun tán, mo ní kí Ayọ̀ọlá gbé mi wá síbí. A dé orí igi méjì tó kù, ẹsẹ̀ mi yọ̀, mo já sínú odò pẹ̀lú àpò mi. Baálẹ̀ ló fà mí jáde. Ó ní, "Ìwọ ta ni?" Mo ní èmi ni Sẹ́nétọ̀ ọlọ́pọ̀lọ́. Bàbá mi, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀.

Mo tọrọ àforíjì fún yín, ó sì ti gbà. A ti kọ ìwé tí mo ní kí ẹ kọ. A ní èèyàn mẹ́tàlélógójì tí apá wọn le. A ní ìṣó, a ní àdá, a ní káfíńtà méjì. Ohun tí a kò ní ni igi tó yẹ àti ọkọ̀ tí yóò gbé e. Ọ̀dọ̀ yín ni igi àti ọkọ̀ wà, ẹ tiẹ̀ ti fọ ọkọ̀ náà mọ́ tónítóní. Ẹ kó wọn máa bọ̀. Ẹ bọ́ agbádá kí ẹ tó wọ odò.

Fìyìn.


(Ẹ̀yìn ìwé kan náà)

Fìyìnfólúwa,

Ìwọ nìyẹn lórí ọ̀kadà yẹn? Yéè! Mo mà gbé!

Gàzálì na ọwọ́ láti gba lẹ́tà rẹ, n ò fún un. Èmi fúnra mi ni mo kà á sókè fún gbogbo èèyàn, láti òkè dé ìsàlẹ̀, àti ibi agbòjò. Wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín, ó sì tọ́ sí mi. Wòlíì fẹ́rẹ̀ẹ́ ya sùtánà níbi tó ti ń rẹ́rìn-ín. Oríyọmí ti yí tírélà padà sí sọ́míìlì, ó ní igi gẹdú mẹ́jọ wà níbẹ̀ tí òun ò mọ ohun tí òun fẹ́ fi wọ́n ṣe.

Má jẹ́ kí Baálẹ̀ lọ. À ń bọ̀.


Òdìgbò,
Ọjọ́ kìíní, oṣù kejìlá, ọdún 2025.

Fìyìnfólúwa ọmọ mi,

Ṣé o ti padà sẹ́nu iṣẹ́? Ṣé àwọn arúgbó rẹ wà? Bá mi kí olówò wàrà tó jókòó tì ọ́.

Lẹ́yìn tí o lọ, a tún lo Àbámẹ́ta mẹ́rin sí i. Àwọn afunfèrè ń fọn, àwa ń kan ìṣó. Mo ru pákó, èmi tí mo pé ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin! Ìyá rẹ kò ní nǹkan kan àfi ẹnu, ó sì lò ó. Afárá náà parí lọ́jọ́ Àbámẹ́ta tó kọjá, nígbà tí Ìkórè ku ọ̀la.

Kí ilẹ̀ ọjọ́ Ìkórè tó mọ́ ni mo ti mọ ohun tí màá ṣe. Wòlíì kò tíì pè mí tí mo fi dìde lọ síwájú pẹpẹ. Mo ní, "Mo jẹ́ ẹ̀jẹ́ níbí pé Sẹ́nétọ̀ yóò kọ́ afárá. Afárá wà níbẹ̀ o, ṣùgbọ́n kì í ṣe Sẹ́nétọ̀ ló kọ́ ọ. Ìṣó mọ́kànlá péré ló kàn, mẹ́rin sì wọ́ nínú wọn. Nǹkan tí kì í ṣe tèmi ni mo fi ṣèlérí fún Ọlọ́run." Mo tú àmùrè mi fúnra mi. Mo ká a sílẹ̀ níwájú pẹpẹ, ọmọ mi. Mo lọ jókòó sí àga ẹ̀yìn. N ò mọ̀ pé atẹ́gùn wà níbẹ̀ tó báyìí ní gbogbo ọdún wọ̀nyí.

Kò sẹ́ni tó pa Halelúyà. Baálẹ̀ Ògúndípẹ̀, tí kò wọ ìjọ wa rí, ló dìde láàárín àwọn àlejò. Ó ní, "A fẹ́ ṣí afárá lẹ́yìn ìsìn, a ò sì ní aṣọ tí a ó ta sí ẹnu rẹ̀. Ẹ bá wa mú àmùrè Tíṣà lọ́wọ́."

Bí gbogbo ìjọ ṣe tú jáde lọ sí Ararọ̀mí-Obù nìyẹn. Wọ́n ta àmùrè búlúù mi dí ẹnu afárá, láti òpó kan dé èkejì. Wòlíì gbàdúrà, o mọ bí àdúrà rẹ̀ ṣe máa ń gùn. Àwọn ọmọ ilé ìwé ti tò, olúkúlùkù fẹ́ kó jẹ́ òun ni yóò kọ́kọ́ kọjá. Gàzálì ti gbé fóònù sókè. Wòlíì ṣe àmín, ó na ọwọ́ láti tú àmùrè náà.

Ni ọ̀pọ̀lọ́ kan bá jáde láti inú koríko. Ọ̀pọ̀lọ́ ńlá, ó sanra. Kò wo ẹnì kankan. Ó fò gba abẹ́ àmùrè mi, ó bọ́ sórí pákó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ, tọ́, tọ́, tọ́. Ọmọ kan fẹ́ lé e. Baálẹ̀ di ọmọ náà lọ́wọ́ mú, ó ṣí fìlà orí rẹ̀.

Ó ní, "Ẹ jẹ́ kó kọjá. Nínú ọ̀rọ̀ afárá, àwọn ló ṣáájú wa."

Gbogbo wa bá dúró dè é títí ó fi dé òdìkejì.

Èmi ni bàbá rẹ,
Tíṣà Fádáre.